Ọ̀nà Kan fún Dùùrù Ẹlẹ́sẹ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọwọ́. Ṣé ìyá kékeré wà dáadáa? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé aṣọ tí wọ́n rán sí mi dùn ún wò. Ó kàn fún mi díẹ̀ níbàdí ni, ẹ̀bi ìbàdí sì ni, kì í ṣe ẹ̀bi aṣọ.

Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà náà ti dé ọwọ́ yín, òun àti kíbọọ̀dù kékeré tí mo dì mọ́ ọn. Ẹ má bínú pé lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń ṣàlàyé. Ẹ rántí ìgbà tá a gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù: "ẹn? ẹn?" ni gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín, èmi náà sì pariwo títí ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri.

Bàbá mi, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Orin tí ẹ máa ń tẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí màmá bá fẹ́ pa ẹ̀rọ ìránṣọ dé, mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi kí dókítà tó fọwọ́ kan ọwọ́ yín. Orin yẹn kò lórúkọ, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin àti màmá lẹ jọ ṣe é láàárín ara yín. Apá òkè rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Tí ọ̀gá mi bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń jókòó kí n gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di àárín, ọwọ́ òsì mi á sọnù. Mi ò mọ ibi tí ẹ ń gbé e gbà. Ẹ sì ti sọ fún mi pé dókítà ní ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún yín lè má rọ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu.

Báyìí la ṣe máa ṣe é. Ètò méjì ni mo fi sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní akọ̀wé, nítorí ohun tí ẹ bá tẹ̀ lòun máa kọ sílẹ̀. Èkejì ni dùùrù. Gbogbo ohùn dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ yín ni mo kó sínú ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo wálé gbẹ̀yìn, kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Kíbọọ̀dù kékeré yẹn kò ní ohùn kankan. Àṣẹ ló ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà: tẹ eléyìí, tẹ̀ ẹ́ líle, tú u sílẹ̀. Mídì là ń pe àṣẹ náà. Akọ̀wé á gbà á, á kọ ọ́, á ta á látaré sí dùùrù, dùùrù á wá fọhùn. Nínú akọ̀wé, ẹ máa rí ibi tí wọ́n to àwọn ọ̀nà tí àṣẹ lè gbà sí, láti orí ení títí dé ẹẹ́rìndínlógún. Ẹ yan ọ̀nà kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, kí ẹ máa ṣeré yín lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Aláriwo mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Ara le, bí mo bá yọ ti ọwọ́ kúrò. Ìyá kékeré rẹ ní ìbàdí tí òun wọ̀n kọ́ nìyẹn, pé ẹni tó bá ń jẹun yó nìkan ni aṣọ ń fún, inú ẹ̀ sì dùn gan-an.

Mo rí kọ̀ǹpútà. Mo gbé e sórí tábìlì tí ìyá rẹ fi ń gé aṣọ, nítorí òun nìkan ni kì í mì nínú ilé yìí. Gbogbo ohun tí o wí ni mo ṣe. Mo so wáyà, mo ṣí akọ̀wé, mo ṣí dùùrù, mo yan ọ̀nà, mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Mo tún kọ́là mi ṣe, mo mí kanlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan náà. Ìyá kékeré rẹ yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ní mo ti parí.

Ṣé ohun tí o fi ń jẹun lọ́hùn-ún nìyí? Dùùrù tèmi, ẹsẹ̀ lèèyàn á fi tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á wọlé, ó tán. Tí kò bá fọhùn, wàá mọ̀ pé ekúté ti jẹ awọ rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bi ní ti eléyìí? Ohun kan sì wà nínú lẹ́tà rẹ tó dùn mí díẹ̀. O ní wáyà yẹn kì í gbé ohùn, àṣẹ nìkan ló ń gbé. Ọmọ mi, ṣé àṣẹ ni o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Gbogbo èyí tí mo pa fún ọ ní kékeré, èwo lo gbọ́ níbẹ̀? Tó bá jẹ́ orin ni, wá sílé, jókòó tì mí, kí o fetí ara rẹ gbọ́ ọ. Ìgbà wo lo tún sọ pé ò ń bọ̀?

Lẹ́tà yìí gba gbogbo ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo tún kí yín, mo sì ń bẹ̀ yín. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bí ọwọ́ yín ṣe bọ́ sílẹ̀, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe pẹ́ kó tó gbéra, gbogbo ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Ọwọ́ yín gan-an ni mo fẹ́ gbà.

Ní ti wíwá sílé, ẹ mọ̀ pé ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí mo bá jáde nísinsìnyí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́. Wọ́n ń fẹ́ táyà lábẹ́ fèrèsé mi níbí. Tí ẹ̀rọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí, mo máa ń rò pé ẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé dùùrù nìyẹn. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan rí kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí àṣẹ ti ń sọnù. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu, ó sì ní etí. Ẹnu kíbọọ̀dù gbọ́dọ̀ wà létí akọ̀wé, ẹnu akọ̀wé gbọ́dọ̀ wà létí dùùrù. Tí ẹnì kan bá kọ etí dídi láàárín wọn, àwa la máa jìyà ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ kíbọọ̀dù kí ẹ wo apá òsì akọ̀wé. Iná kékeré kan wà níbẹ̀. Ṣé ó ń ṣẹ́jú? Tó bá ń ṣẹ́jú, a jẹ́ pé akọ̀wé ń gbọ́ yín. Kí ẹ wá wo apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tí akọ̀wé máa bá sọ̀rọ̀. Orúkọ dùùrù ni kó wà níbẹ̀. Tí gbogbo ìyẹn bá pé tí kò sì fọhùn, ẹ yọ dùùrù kúrò, kí ẹ fi ètò kékeré tó bá kọ̀ǹpútà wá rọ́pò ẹ̀. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ sọ fún mi, bó ti wù kó burú tó.

Ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Aláriwo mi,

Iná ń ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Orúkọ dùùrù wà níbi tí o ní kó wà. Dùùrù ò sì dá mi lóhùn.

Mo wá ṣe èyí tí o fi kẹ́yìn. Mo mú ètò kékeré, mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ orin ìyá rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ mi, ìkòkò ló ń fọ́! Àtàńpàkò mi ń gbá ìlù, ìka ìfábẹ̀lá ń pàtẹ́wọ́, ìka kékeré ń lu agogo, ohun kan sì wà láàárín wọn tó ń dún bí ẹni ń ju ṣíbí sínú agbada. Ìyá kékeré rẹ sáré jáde, ó rò pé àwo òun ló já. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, inú mi bà jẹ́. Mo ń wo tábìlì náà. Ṣọ́ọ̀kì tí ìyá rẹ fi fa ìlà ṣì wà lára igi rẹ̀. Mo rántí bó ṣe máa ń ṣe: á gbá àwọn àjákù aṣọ jọ, á da nǹkan bo ẹ̀rọ, á ní, "Ọkọ mi, ṣé kí n máa dá lọ sílé ni?" Ilé kò ju ẹ̀yìn ògiri lọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí n tẹ orin. Ìwọ á wà lábẹ́ tábìlì, wàá máa to bọ́tìnnì. Inú wa dùn nígbà yẹn, a ò sì mọ̀. A kàn rò pé ilẹ̀ ló ṣú.

Ilé ìwòsàn ti ránṣẹ́. Wọ́n ti mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sún mọ́ wa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni. Bóyá ká kúkú jọ̀wọ́ ẹ̀ báyìí. Ẹni tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún, mo ti tẹ̀ ẹ́ fún un.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, nírọ̀lẹ́

Bàbá mi,

Ẹ foríjì mí, ìkíni mi ò ní gùn. Ìkòkò! Nígbà tí mo kà á, mo fò dìde lórí àga, ọ̀gá mi bi mí bóyá nǹkan ta mí. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọ̀nà kẹwàá, ọ̀nà onílù ni. Orin yòówù tó bá gbabẹ̀, ìlù àti agogo ló máa dà. Ṣé ọ̀nà kẹwàá lẹ yàn ni, Bàbá? Dùùrù yín ò ya odi. Ọ̀nà kìíní nìkan ni mo ní kó máa fetí sí, ọ̀nà mìíràn lẹ sì ń gbà pè é. Ṣebí mo kọ ọ́ pé kí ẹ yan ọ̀nà kan!

Ẹ dákun, ẹ yí i padà lónìí, kí ẹ tẹ orin náà kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí lẹ́tà yín dùn mí dọ́kàn. Ẹ ní ẹ ti tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún. Èmi náà ńkọ́? Abẹ́ tábìlì ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Tí ẹ bá jọ̀wọ́ ẹ̀, kò ní sí ẹlòmíràn láyé yìí tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ, èmi tí mi ò mọ̀ ju ìdajì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ìwọ ọmọ yìí,

Ọ̀nà kan, ọ̀nà kan! Mo padà lọ ka lẹ́tà rẹ, ìwọ lo kọ ọ́ o: "Ẹ yan ọ̀nà kan." Tí mo bá ní kí o gbé àga kan wá fún mi, ṣé àga kìíní lo máa wá kiri ilé? Èyí tí ọwọ́ rẹ bá kọ́kọ́ bà lo máa gbé. Èmi náà wo gbogbo ọ̀nà tí wọ́n tò síbẹ̀, mo ní ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ rí mi bí ahun, mo mú ẹ̀wá. Àṣé mo ti wọ agbo onílù. Kìíní là ń pe kìíní nílé yìí. O ti pẹ́ jù lọ́hùn-ún.

Mo yí i padà. Mo kọ́kọ́ fi ìka kan tẹ ọ̀kan nísàlẹ̀, ó fọhùn. Ọmọ mi, ohùn dùùrù mi ni! Eléyìí tó máa ń han díẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú, tí mo ní màá tún ṣe tí mi ò tún ṣe, ó ṣì ń han. Mo sunkún, mi ò sì tijú láti sọ ọ́ fún ọ. Ìyá kékeré rẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lè tẹ̀ ẹ́ já, nítorí àwọn ìka náà ti ń kú tipiri. Mo fi í mọ́ lẹ́tà yìí. Inú mi dùn pé o bínú sí mi. Lọ́la ni wọ́n máa gbé mi wọlé. Gbàdúrà fún mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ka eléyìí lónìí. Mo ń gbàdúrà láti àárọ̀.

Mo ti gbọ́ orin náà. Mo ti rí ọ̀nà tí ọwọ́ òsì yín ń gbà: ibi tí mo rò pé ẹ gòkè, àṣé ẹ sọ̀kalẹ̀ ni. Gbogbo ohùn ló pé. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti máa ń dúró dà? Láàárín, kí ẹ tó wọ apá kejì, ẹ máa ń dúró, ilé á pa lọ́lọ́, ẹ̀yin á wá tẹ̀ síwájú. Nínú èyí tí mo gbà, kò sí ìdúró. Ó ń sáré lọ tààrà, gbogbo ẹ̀ tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí aago ògiri. Mo wádìí ẹ̀. Akọ̀wé yẹn máa ń tún ọwọ́ èèyàn ṣe. Á fa ohùn kọ̀ọ̀kan wá sórí ìlà, tó bá sì rí àlàfo tí kò bá ìlà mu, á rò pé àṣìṣe ni, á pa á dé. Bọ́tìnnì kan tó ní àwòrán rúlà ló ń ṣe é, mi ò sì rántí sọ fún yín pé kí ẹ pa á. Kò tọ́jú èyí tí ẹ tẹ̀ gan-an.

Tí ẹ bá ti gbádùn, ẹ sọ fún mi bí ìdúró yẹn ṣe gùn tó, màá fi ọwọ́ ara mi là á padà síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe báyìí. Orin yẹn láìsí ìdúró, orin ẹlòmíràn ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mi ò tíì gbúròó yín. Fóònù ìyá kékeré kò wọlé. Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n dúró, orin wọn ń kọ, ó já. Ẹ gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi pé ẹ jí.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Aláriwo mi,

Mo jí. Ìyá kékeré rẹ ló ń tẹ lẹ́tà yìí, èmi ń sọ ọ́. Omi ló wọnú fóònù ẹ̀, má bínú. Ìrora ti lọ, mo sì ń sùn dáadáa. Ìka mẹ́ta yẹn ò ká. Dókítà ní wọ́n á máa di ṣíbí mú, wọ́n á máa de bọ́tìnnì aṣọ, ṣùgbọ́n kí n má retí pé wọ́n á tún sáré lórí dùùrù. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sunkún.

(Èmi ìyá kékeré rẹ rèé o. Ó sunkún. Ó yí ojú sí ògiri.)

Má dá a lóhùn. Gbọ́, ọmọ mi. Mo rò pé èmi nìkan ṣoṣo ló mọ̀ nípa ìdúró yẹn. Píìnì ni. Ìyá rẹ máa ń kó píìnì sẹ́nu tó bá ń to aṣọ. Apá kìíní orin, á máa kùn ún pẹ̀lú píìnì lẹ́nu. Apá kejì ló ní ọ̀rọ̀, kò sì lè la ẹnu. Á wá máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa gún wọn mọ́ tìmùtìmù, èmi á gbé ọwọ́ sókè, màá dúró dè é. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ìdúró á gùn. Nígbà tó ti lọ tán, mo ṣì ń dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá láìdúró.

O ní kí n sọ bó ṣe gùn tó. Kò níye, mi ò lè sọ ọ́. Ìwọ jókòó, tẹ apá ọ̀tún, dúró bí ìwọ ṣe rántí ẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ òsì mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo dúpẹ́ pé ẹ jí. Mo ka lẹ́tà yín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́, kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Mi ò mọ̀ nípa píìnì. Láti abẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ màmá nìkan ni mo máa ń rí. Tó bá ti fẹ́ la ẹnu, á fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gìgísẹ̀ yẹn ni mo dúró dè lónìí nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò wo aago. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ṣì í ṣe.

Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lọ́nà kìíní, èyí tó ṣáájú èjì, mo kọ ọ́ yéké lónìí. Kí ẹ fi tiyín sí ọ̀nà kejì, mo ti ní kí dùùrù máa gbọ́ méjèèjì. Ẹ pa bọ́tìnnì tó ní rúlà lára. Ẹ tẹ pupa, màá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ bá mi lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo ṣe é. Mo pa rúlà, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, mo tẹ pupa. O bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ fúyẹ́ ju tèmi lọ, o sì ń yára díẹ̀ níbi tí ìyá rẹ náà ti máa ń yára. Mo ń bá ọ bọ̀ nísàlẹ̀, a jọ ń lọ.

A dé ibẹ̀, o dúró. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ìyá kékeré rẹ rò pé ẹ̀rọ ti tún bàjẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo mi orí sí i. Mi ò ka iye, mi ò wo kọ̀ǹpútà, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí o máa wọlé. Nígbà tó tó, mo gbé ọwọ́ òsì mi sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣáájú, kò kẹ́yìn. A jọ wọ apá kejì.

Òun ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Má tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Bàbá rẹ.